Irin Tó Kúrò Lọ́wọ́ Láwùyì

"Ìgbà tó wà lọ́wọ́ là á bá a sọ̀rọ̀, tó bá ti kúrò lọ́wọ́, kò létí mọ́." Kò sí ọmọ Òkúta-Ẹlẹ́yẹ tí kò tíì gbọ́ òwe yìí lẹ́nu ìyá rẹ̀ rí, bóyá lọ́jọ́ tó fẹ́ fi ìbínú ju àwo, tàbí lọ́jọ́ tó fẹ́ fọhùn sí àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ǹjẹ́ ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ọfà ni, pé ọdẹ ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ ẹyin ni, nítorí ẹyin tó bá já bọ́ kì í ṣe é ṣà. Kò sí ọdẹ níbẹ̀, kò sì sí ẹyin. Ilé ọtí ni òwe náà ti wá, lórí tábìlì kan tó gùn ju ọkọ̀ apẹja lọ, láàárín ọmọ ìyá méjì tí ọ̀rọ̀ kan ti yà nípá fún ọdún mẹ́ta.

Ilé ọtí náà wà lẹ́yìn sítéṣọ̀n rélùwéè, lọ́dọ̀ Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún, obìnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó ń ta bíà, ó ń ta ẹmu, ó sì ń dín ẹja tí òórùn rẹ̀ máa ń pàdé èrò ọkọ̀ lójú irin. Kó tó di ọlọ́tí, ó ti dáná ọdún mẹ́sàn-án fún òyìnbó tó jẹ́ olórí àwọn tó la ojú irin náà. Nígbà tí òyìnbó ń lọ sílé, kò rí bó ṣe máa gbé tábìlì eré rẹ̀ lọ, ló bá fi ta Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún lọ́rẹ. Ọkùnrin mẹ́rìndínlógún ló gbé e. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, kò wọlé. Wọ́n fì í síbí, wọ́n fì í sọ́hùn-ún, kò wọlé. Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún ní kí wọ́n wó ògiri. Títí dòní, ẹni tó bá wò ó dáadáa yóò rí ibi tí wọ́n ti fi bíríkì mìíràn dí i, tí wọn kò sì rẹ́ ẹ.

Tábìlì náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjìlélógún, ṣùgbọ́n ọmọdé lè na ọwọ́ kó fi kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Igi rẹ̀ ń dán bí orí ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Kòtò tóóró kan yí i ká. Irin roboto pẹlẹbẹ mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń kó fún ẹni méjì tó bá fẹ́ ta á. Ọmọ ni wọ́n ń pe àwọn irin náà, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ ayò. Eré náà fúnra rẹ̀, atìlọ ni wọ́n ń pè é, nítorí títì là ń tì í, a kì í jù ú. Ìlà mẹ́ta ni wọ́n fà sí ìpẹ̀kun tábìlì. Ọmọ tó bá kọjá ìlà kìíní, ení ni. Tó bá kọjá ìkejì, èjì ni. Tó bá kọjá ìkẹta, tó dúró sí etí pátápátá, ẹ̀ta ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ìbú ìka kan ṣoṣo ṣèèṣì rékọjá etí náà, kòtò ni, asán ni. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá jìnnà jù ló ni ojú ayò, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ kó ẹẹ́dógún jọ ló jẹ. Kí irin lè máa yọ̀, Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún á bu lafún gbígbẹ sínú igbá kékeré, á máa fọ́n ọn sórí igi náà bí ẹni tó ń fọ́n iyọ̀ sẹ́ran.

Òfin kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ìlú mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta á, á fi fìlà rẹ̀ kọ́ sára ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Nígbà tí ayò tó wà nílẹ̀ bá parí, ẹni tó jẹ gbọ́dọ̀ bá onífìlà ta, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́, ì báà jẹ́ ọ̀tá. A kì í kọ fìlà. Àwọn méjèèjì á sì dúró sí orí kan náà, èjìká sí èjìká, nítorí orí kejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri.

Nínú àwọn tó mọ atìlọ ta nílùú náà, kò sẹ́ni tó tó Oyèṣínà. Iṣẹ́ àsíá ló ń ṣe ní sítéṣọ̀n: òun ló ń fi pupa dá ọkọ̀ dúró, òun ló ń fi aláwọ̀ ewé ní kó máa lọ. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tí ọkọ̀ aago márùn-ún bá ti kọjá, á ká àsíá rẹ̀ sábẹ́ abíyá, á gba ilé ọtí lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo ni Láwùyì káfíńtà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Láwùyì kì í dé ibẹ̀. Ó ní igi tí wọ́n fi ṣe tábìlì yẹn ìbá ti di ilẹ̀kùn méje, pé wọ́n fi igi rere ṣòfò.

Káfíńtà ni bàbá wọn náà. Kó tó kú, ó kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́, ó sì fi ìlànà kan lélẹ̀ nínú ilé: bí ẹnìkan bá kú nínú ìdílé, ọmọ ilé ni yóò kan pósí rẹ̀, ọmọ ilé náà ni yóò sì kan ìdérí rẹ̀ pa. Ìṣó mẹ́jọ ni ìdérí ń gbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá, Láwùyì kan mẹ́rin, Oyèṣínà kan mẹ́rin.

Nígbà tí ìyá wọn kú, sítéṣọ̀n kan tó jìnnà ni Oyèṣínà wà. Wọ́n fi wáyà ránṣẹ́ sí i, ó sì dá èsì padà pé òun ti wà lọ́nà. Láwùyì nìkan ló fá igi, òun nìkan ló gé e, òun nìkan ló kàn án. Wọ́n gbé ìyá sínú rẹ̀. Láwùyì kan ìṣó mẹ́rin, ó fi mẹ́rin tó kù sápò, ó jókòó sórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí náà, ó ń retí. Oòrùn kan àtàrí, àbúrò rẹ̀ kò dé. Oòrùn ń wọ̀, kò dé. Àwọn àgbà ilé sún mọ́ ọn, wọ́n ní, "Láwùyì, òkú kì í dúró de ọkọ̀." Ó dìde, ó kan mẹ́rin tó kù náà fúnra rẹ̀.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da yẹ̀pẹ̀ tó kẹ́yìn ni Oyèṣínà já wọlé, bàtà lọ́wọ́, ẹrẹ̀ dé orúnkún. Kó tó lanu, Láwùyì ti sọ̀rọ̀, lójú ìdílé, lójú àna, lójú àwọn olórin tó wá sin òkú:

"Ẹni tí kò bá mi kan pósí ìyá mi kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́ láyé."

Oyèṣínà wò ó. Ó yíjú sí sàréè, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yẹ̀pẹ̀ tútù náà, ó dìde, ó lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí òṣìṣẹ́ rélùwéè kan fi ya ṣọ́ọ̀bù Láwùyì láti kí i kú ọ̀fọ̀. Òun ló sọ fún un pé odò kún, pé omi gbá ojú irin lọ, pé ọkọ̀ kò lè kọjá fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní nígbà tí Oyèṣínà rí i bẹ́ẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn, ọ̀sán kan, òru kan, àti ọ̀sán kejì. Láwùyì ń fá ilẹ̀kùn lọ́wọ́. Kò dá ọwọ́ dúró. Ó ní, "O ṣeun." Ó ń fá ilẹ̀kùn náà títí ó fi di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ẹni tó ni ín kò fi gbà á mọ́.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ wọ́n gbé Oyèṣínà padà sí Òkúta-Ẹlẹ́yẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé lójú ọ̀nà, àbúrò náà dọ̀bálẹ̀ bó ti yẹ, nítorí ìyá wọn kọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá káfíńtà." Ọ̀gá káfíńtà ni gbogbo ìlú ń pe Láwùyì, kò sí ẹ̀gàn kankan níbẹ̀. Wọ́n ní kó má pè é ní ẹ̀gbọ́n mọ́, ó sì gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí Láwùyì bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, bí ìgbà tí èérún igi wọ abẹ́ èékánná ló máa ń rí.

Báyìí ni ọdún mẹ́ta fi kọjá. Lọ́jọ́ kan, Àṣàbí, ìyàwó Láwùyì, gbé iyán síwájú rẹ̀, ó ní:

"Bàbá Mojí, ṣé ẹ ti gbọ́? Wọ́n ní wọn ó gbé Oyèṣínà lọ sí sítéṣọ̀n Jẹ́bbà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Kí ló kàn mí níbẹ̀?"

"Kò kàn yín. Èwo wá ni ti iyán tí ẹ ń wò láti ìgbà tí mo ti sọ ọ́? Ṣé ẹ fẹ́ fi okùn wọ̀n ọ́n bí igi ni?"

Láwùyì bu òkèlè kan, ó tún fi í sílẹ̀.

"Ẹ lọ bá a," ni Àṣàbí wí.

"Kí n lọ wí pé kí ni? Kí n dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n? Níbo lo ti rí i kí àgbà máa bẹ ọmọdé?"

Àṣàbí gbé iyán náà kúrò. Òótọ́ ni: kò sẹ́ni tó rí i rí. Oyèṣínà kò lè bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n ti pa á láṣẹ. Láwùyì kò lè bẹ̀rẹ̀, torí òun ló pàṣẹ. Bí ọkọ̀ bá sì ti gbé àbúrò yìí lọ sí òkè odò, kò sí ojú ọ̀nà tí wọn yóò tún ti pàdé, kódà láti gbọ́ "ọ̀gá káfíńtà."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí oníbàárà kankan tó dé, Láwùyì dúró lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́ mi ní atìlọ."

Obìnrin náà ń gbálẹ̀. Ó fi ìgbálẹ̀ ti ara.

"Ìwọ? Ìwọ tó fẹ́ fi tábìlì mi ṣe ilẹ̀kùn méje?"

"Èmi náà ni, mà."

Ó wò ó, kò bi í léèrè ìdí. Ta ni kò mọ ẹni tó máa ń wà nídìí tábìlì yẹn ní ìrọ̀lẹ́? Ó gbé igbá lafún, ó fọ́n ọn, ó kó irin mẹ́rin lé e lọ́wọ́. "Ó dáa. Tì í ká wò ó."

Láwùyì tì í bí ẹni tó ń kan ìṣó. Irin fò lórí igi, kò fara kan ìlà kankan, ó kọlu ògiri, bíríkì tí wọn kò rẹ́ sì ta èérún sílẹ̀.

"Kí ni ọmọ ọlọ́mọ ṣe fún ọ?" ni Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Mo ní kó o tì í, mi ò ní kó o lé e kúrò nílùú."

Èkejì lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta tún lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ó rọra jù, kò dé àárín tábìlì. Ojoojúmọ́ ló ń wá, kí ó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó sì ń pa obìnrin náà lẹ́rìn-ín jù ni bó ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn tó bá ti tì í tán. Á tẹ̀ sí ọ̀tún, á tẹ̀ sí òsì, á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á máa pariwo lé irin náà lórí: "Dúró! Dúró níbẹ̀! Mo ní kó o dúró!" Irin á máa lọ sínú kòtò tirẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó mú igo omi tí àwọn káfíńtà fi ń mọ̀ bóyá igi dọ́gba lọ́wọ́, èyí tí ìhó afẹ́fẹ́ kékeré kan wà nínú rẹ̀. Ó ní tábìlì náà ló dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó gbé igo náà lé e lórí ní ìbẹ̀rẹ̀, ó gbé e lé e ní àárín, ó gbé e lé e ní ìpẹ̀kun. Ìhó náà dúró sí àárín gbọngbọn níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ta ló wọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì?" ni Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún béèrè.

Láwùyì ki igo rẹ̀ bọ àpò, ó rẹ́rìn-ín nígbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti ń wá. Ó tún ti ọmọ kan, ó tún pariwo. Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún fi igbá lafún sílẹ̀, ó wá dúró tì í.

"Láwùyì, ta lò ń pè?"

"Irin ni, mà."

"Ó ń gbọ́?"

Láwùyì wo irin náà.

"Gbogbo yín lẹ máa ń ṣe é. Òyìnbó tó ni ín náà ń ṣe é. Ẹ̀ ń tì í bí ẹni tí inú ń bí, tó bá ń lọ tán, ẹ ó wá máa bẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó wà lọ́wọ́ là á bá a sọ̀rọ̀. Dì í mú. Jẹ́ kó gba ooru ọwọ́ rẹ. Sọ ibi tó ń lọ fún un, kó o sì dákẹ́ títí ọwọ́ rẹ fi máa gbọ́. Lẹ́yìn náà, o lè tì í."

Láwùyì gbé irin mìíràn. Ó dì í mú fún ìgbà pípẹ́. Ó tì í, kò pariwo. Irin náà kọjá ìlà kìíní, ó kọjá ìkejì, ó dúró.

"Káfíńtà," ni obìnrin náà wí, "ó ti gbọ́."

Kò sí ìdùnnú lójú Láwùyì. Ó ń ro ọ̀rọ̀ náà lọ títí dé ṣọ́ọ̀bù. Ó ti ń gé igi láti kékeré. Ó mọ̀ pé pákó tí a gé kúrú, kò sí ẹni tó lè fà á gùn, nítorí náà, kò gbé ayùn lé igi kan rí láì kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ńkọ́? Lójú sàréè lọ́jọ́ yẹn, kí ló wọ̀n?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé. Ọjọ́ Ẹtì, tí ọkọ̀ Jẹ́bbà yóò gbéra ní ọjọ́ kejì rẹ̀, Oyèṣínà wá ta atìlọ ìkẹyìn. Ilẹ̀ kò tíì ṣú. Èrò pọ̀, wọ́n ń bá a ṣàwàdà pé àwọn tó wà ní Jẹ́bbà kò mọ ìyà tó ń bọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ Sámù télọ̀ tán ni Láwùyì wọlé, ó ṣí fìlà, ó fi kọ́ sára ìṣó.

Àwọn tó ń mutí gbé ife sílẹ̀. Sámù télọ̀, tí kò lè rí ibi tó dákẹ́ kó má sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ní:

"Háà, ọ̀gá káfíńtà! Ṣé ẹsẹ̀ tábìlì lẹ wá tún ṣe?"

"Fìlà ni mo fi kọ́, Sámù. Àbí o fẹ́ gé e kúrú bí ṣòkòtò tó o rán fún mi nígbà ọdún?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn kan. Oyèṣínà kò rẹ́rìn-ín. Ó wo fìlà náà, ó wo ẹnu ọ̀nà. A kì í kọ fìlà. Ó nu ọmọ mẹ́rin, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà wọ́n sí Láwùyì.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá káfíńtà. Ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ tì."

Wọ́n dúró, èjìká sí èjìká. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Láwùyì ti sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ òórùn epo ọkọ̀ lára rẹ̀. Ó rí i pé irun funfun ti wà lẹ́bàá etí rẹ̀, ọmọ tí òun pọ̀n. Ó tì, àbúrò rẹ̀ tì. Oyèṣínà mọ̀ ọ́n ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó ń yára tì í. Ìgbà méjì ni ọmọ tirẹ̀ bọ́ sí kòtò, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tó ti dé ìlú. Yàtọ̀ sí "ẹ̀yin ló kàn" àti "ìwọ ló kàn," wọn kò bá ara wọn sọ nǹkan kan.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kó parí, Oyèṣínà ti ní ẹẹ́rìnlá, Láwùyì ní éjìlá. Oyèṣínà ti ti ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan nínú wọn sì jókòó sí ojú èjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìlà kẹta. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ Láwùyì. Bí ó bá dé ojú ẹ̀ta, ó ti jẹ. Bí kò bá dé ibẹ̀, tàbí tó bá bọ́, àbúrò rẹ̀ ló jẹ, eré náà sì parí.

Láwùyì gbé irin náà, ó dì í mú. Kò tì í. Àwọn èèyàn ń dúró. Ó gbé e sún mọ́ ẹnu, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Ẹ gbà mí!" ni Sámù kígbe. "Ó ń pe ọfọ̀ sí i!"

"Pa ẹnu ẹ dé, Sámù," ni Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún wí.

Ohùn Láwùyì kò ròkè. Irin ló ń bá sọ̀rọ̀, irin náà ló ń wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró ní èjìká rẹ̀ á gbọ́ ọ ketekete.

"Ìwọ irin yìí, gbọ́, kí n tó jẹ́ kó o lọ. Mo ti jẹ́ kí ohun kan lọ rí tí n kò bá sọ̀rọ̀. Lójú sàréè ìyá mi ni. Mo fi ìṣó mẹ́rin pamọ́ fún àbúrò mi, mo jókòó tì í láti àárọ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí n kàn án, mi ò rẹ́ni bá mi di ìdérí mú. Ìyẹn ló dùn mí, mo wá fi ẹnu gbá ẹni tó rìn nínú ẹrẹ̀ ọjọ́ méjì. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi mọ̀ pé omi ló dí ọ̀nà. Mo mọ̀, mo dákẹ́. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ̀bi mi ni. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń sáré tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò bá a." Ó mí kanlẹ̀. "Ó tó. Máa lọ."

Ó tì í.

Irin náà lọ jẹ́jẹ́ nínú lafún, ó ń fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́yìn. Ó kọjá ìlà kìíní. Ó kọjá ẹ̀gbẹ́ ọmọ Oyèṣínà, kò kàn án. Ó kọjá ìlà kẹta, ó sì ń lọ síbẹ̀.

"Ẹ pè é!" ni Sámù ń pariwo, tó ti gbàgbé ẹni tó ń gbè lẹ́yìn tẹ́lẹ̀. "Ọ̀gá káfíńtà, ẹ pè é kó dúró!"

"Kò létí mọ́," ni Láwùyì wí. Kì í tilẹ̀ ṣe irin náà ló ń wò. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó funfun fún lafún ló ń wò.

Irin náà dé etí tábìlì, ìdajì rẹ̀ wà lórí igi, ìdajì wà lójú òfuurufú. Ó mì lẹ́ẹ̀kan. Ó bọ́. Ìró rẹ̀ nínú kòtò kò ju ti ìṣó kan tó já bọ́ lọ.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó jẹ. Oyèṣínà fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú, ó ń wo ìpẹ̀kun rẹ̀ bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ tó pẹ́. Nígbà tó yá, ó yíjú sí Láwùyì.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ó ti bọ́ sí kòtò."

"Jẹ́ kó bọ́," ni Láwùyì wí.

Oyèṣínà lọ sídìí ìṣó, ó mú fìlà, ó gbọn lafún kúrò lára rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún ní ẹja òun ń jóná, ó sáré wọ ẹ̀yìn ilé, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹja kankan lórí iná.

Láàárọ̀ Sátidé, Láwùyì ló ru àpótí àbúrò rẹ̀ dé sítéṣọ̀n. Àwọn kan ní kó jẹ́ kí wọ́n gbà á, pé kò yẹ àgbà. Ó ní ẹrù òun ni. Wọ́n jókòó sórí àpótí náà títí ọkọ̀ fi dé, wọ́n sọ̀rọ̀ ìyá wọn, wọ́n sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sọ oṣù tí Oyèṣínà yóò wá. Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, àwọn tó wá sin èèyàn wọn ń sáré tẹ̀lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń fi igbe rán ohun tí wọ́n gbàgbé láti sọ, ariwo irin sì ń gbé e mì. Láwùyì dúró sójú kan, ó na ọwọ́ sókè. Ó ti sọ tirẹ̀.

Ibẹ̀ ni òwe náà ti jáde. Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún ló ni ìdajì rẹ̀ àkọ́kọ́, Láwùyì ló fi ìdajì kejì lé e, àwọn tó wà nílé ọtí lọ́jọ́ Ẹtì náà ló sì gbé e kiri. Nígbà tí inú bá ń bí ènìyàn tó fẹ́ fọhùn, nígbà tí òbí bá fẹ́ lé ọmọ jáde, nígbà tí tọkọtaya bá dé ibi tí ọ̀kan fẹ́ sọ èyí tí kò ṣe é gbé mì, ni àwọn àgbà Òkúta-Ẹlẹ́yẹ máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí wọ́n á sì wí fún un pé: "Ìgbà tó wà lọ́wọ́ là á bá a sọ̀rọ̀, tó bá ti kúrò lọ́wọ́, kò létí mọ́."